Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Wọ́n Bẹ̀bẹ̀ Fún

Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rántí pé ó ní orúkọ mìíràn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé tí ìjọba ò fẹ́ jù nù, tí kò sì fẹ́ kà, pamọ́ sí. Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ gbàjọba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Òòlù, ẹgbẹ́ Òòlù tún gbà á padà, mínísítà ń wọlé, mínísítà ń jáde, Ìyá Fáìlì ò kúrò lójú kan. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé òun àti àwọn aáyán inú yàrá yẹn nìkan ni ìbò kì í lé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀gá ránṣẹ́ pè é sókè. Ọ̀gá yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ irú ẹni tó máa ń wo ojú mínísítà kó tó sọ bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

"Ẹ jókòó, Mà. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí odò?"

Ta ni ò tíì gbọ́? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn sójà tiwa àti ti àwọn ará òdìkejì ti ń wo ara wọn lójú láti bèbè odò méjèèjì. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ìyá Fáìlì gbọ́ tiẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù àwọn sójà, ti gba ìwé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kó gbé ẹrù rẹ̀ lọ sẹ́nu ààlà.

"Àwọn ará òdìkejì ní ká wá jókòó sọ̀rọ̀," ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mínísítà ò fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ló máa dúró níwájú àwọn aṣòfin láti sọ ìdí ẹ̀. Ó fẹ́ ka ìwé ìpàdé ogún ọdún sẹ́yìn sí wọn létí, kí wọ́n lè rí i pé nígbà yẹn náà, a pè wọ́n sí ọ̀rọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹ bá mi wá wáyà tí Aṣojú wa níbi ìpàdé yẹn tẹ̀ sílé, àti gbogbo ìwé tó bá tì í lẹ́yìn."

"Èyí tí kò bá tì í lẹ́yìn ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ìyá Fáìlì, èyí tí kò bá tì í lẹ́yìn ti sùn láti ọjọ́ yìí. Ẹ má jí i."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, àfi iná gbọọrọ kan tó máa ń ṣẹ́jú kó tó tàn. Àpótí ìpàdé yẹn wà lórí pẹpẹ tó ga jù, ó sì gun àga kó tó gbé e sọ̀.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wo ni ò mọ wáyà Aṣojú? Ìlà méjì péré ni: "Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́." Ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ ni Aṣojú, ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ ló sì wà lórí oyè nígbà náà bó ṣe wà níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ kẹta tí wáyà yẹn délé ni àwọn sójà wa rékọjá odò. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Fáìlì wà lára wọn, ọkùnrin gìrìpá tó máa ń gbé àbúrò rẹ̀ kọ́ ọrùn lọ sílé ẹ̀kọ́. Bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan ló padà wálé.

Ó mú wáyà náà sọ́tọ̀. Ó tún rí ìwé ìròyìn kan tí wọ́n tẹ̀ ní òdìkejì odò lọ́sẹ̀ yẹn. Ó gbọ́ èdè wọn níwọ̀nba. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé aṣojú tiwọn ò bẹ ẹnikẹ́ni, pé àwọn baba wọn kì í bẹ̀bẹ̀, àwọn náà ò sì ní bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn bá wáyà Aṣojú mu rẹ́gí. Bí ọ̀tá méjì bá sọ ohun kan náà, ta ni yóò tún jiyàn?

Ní ìdí àpótí náà ni ìwé àkọsílẹ̀ pẹlẹbẹ kan wà, tí eruku ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: "Ìwé ògbufọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe olóòótọ́ sí orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ má gbára lé e."

Ìyá Fáìlì gbé bébà náà súnmọ́ iná. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ọdún tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tó kú. Wọ́n ti lé ògbufọ̀ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ìyá rẹ̀ wá láti òdìkejì odò, wọ́n kó ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ wá sísàlẹ̀, wọ́n ní kí akọ̀wé tuntun kọ àpèjúwe sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí orúkọ ọkùnrin náà, ó rántí bẹ́líìtì, ó kọ ohun tó kọ. Kò ṣí ìwé náà rárá.

Ó wá ṣí i wàyí. Ojú ewé kẹrin ló wà:

"Aṣojú wọn ní: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá ká lọ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ àwọn tó rán wa. Aṣojú wa ní: N ò ní ọjọ́ kankan fún yín. Aṣojú wọn tún bẹ̀bẹ̀. Aṣojú wa dìde."

Ní ojú ewé karùn-ún: "Nígbà tí a jáde, akọ̀wé wọn sọ fún mi pé olórí ẹgbẹ́ Òòlù ló ránṣẹ́ sí àwọn ní kọ̀rọ̀, pé kí wọ́n má tíì tọwọ́ bọ̀wé títí ìbò yóò fi kọjá, kí ìyìn àlàáfíà má baà jẹ́ ti ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ka ojú ewé méjèèjì títí wọ́n fi há sí i lórí. Ẹgbẹ́ kan ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹ́ kejì ló ti kọ́kọ́ bẹ́gi dínà. Àárín méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n òun bọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé ọmọ òun lọ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn yí ìwé náà padà, ó na ìka sí bébà ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà. Mo ṣì í kọ ni. Mi ò kà á nígbà yẹn."

"Ẹ ò kà á, ẹ ní kò ṣeé gbára lé. Ẹ wá kà á tán báyìí tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ yín lọ sójú ogun, ẹ ní ó ṣeé gbára lé. Ìyá Fáìlì, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mínísítà, èwo lẹ máa gbà gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún, torí pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà, obìnrin tí irun ti ń funfun lórí rẹ̀. Ọ̀gá ní kó dìde, kó má kó òun sí wàhálà. Ó ya fọ́tò bébà náà sórí fóònù rẹ̀, ó ní ó lè wúlò, ó sì dá ìwé náà padà fún un.

Bí ọ̀gá kò bá gba ìwé gbọ́, bóyá yóò gba ẹni tó kọ ọ́ gbọ́. Ọjọ́ Rú ni Ìyá Fáìlì wá ògbufọ̀ rí, ní yàrá kan lókè ilé tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò ló ń kọ́ lédè. Ìró òòlù àwọn alátùn-únṣe bàtà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé kó, kó, kó, débi pé wọ́n ní láti gbóhùn sókè.

Ìyá Fáìlì kúnlẹ̀ kí i. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́ sára ìwé yín pé ẹ ò ṣeé gbára lé."

Bàbá náà tẹ̀ síwájú, ó fi ojú bàìbàì rẹ̀ wò ó. "Ìwọ ni? Láti ọdún yẹn ni mo ti ń rò ó pé ọkùnrin kan tó nírùngbọ̀n ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Fáìlì, ẹkún ló bọ́. "Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí orúkọ yín, mo rántí ibi tí ìyá yín ti wá. Mi ò ṣí ìwé náà. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ọmọ mi. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí o ṣe lo ṣe, o kàn fi ìbínú ṣe é ni. Ìwọ kọ́ lo lé mi kúrò níbi iṣẹ́." Ó na ọwọ́. "Ṣé o mú un wá? Ka ojú ewé kẹrin sí mi létí."

Ó kà á. Bàbá di ojú. Nígbà tó kà á tán, ó ní kó tún un kà. Ó wá mi orí.

"Ohun kan ò sí níbẹ̀."

"Kí ni, Bàbá?"

"Nígbà tí aṣojú wọn bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó lu tábìlì. Ó ní bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí àwọn ò gbọ́ ohun rere, ìbọn ni yóò sọ̀rọ̀. Mi ò túmọ̀ ẹ̀ fún Aṣojú wa. Mi ò sì kọ ọ́."

Ìyá Fáìlì pa ìwé náà dé. "Kí ló dé?"

"Èdè ìyá mi ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ni wọ́n fi halẹ̀ mọ́ wa."

"Bàbá!" Kò mọ ìgbà tó pariwo. "Ẹ ò bá má sọ ọ́ fún mi! Ìwé kan ṣoṣo tó mọ́ tí mo ní nìyí! Ọ̀tunla ni wọ́n ń gbé ọmọ mi lọ!"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Bí mo bá pa á mọ́, tí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà bá sọ ọ́ lójú ẹ, gbogbo ìyókù á di irọ́." Ó na ọwọ́, ó fi kan eékún Ìyá Fáìlì. "Gbọ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì halẹ̀. Èèyàn máa ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣì ni ọjọ́ mẹ́wàá."

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ó lè bá a lóòótọ́," bàbá náà dáhùn. "Àmọ́ ta ló máa bá òtítọ́ jẹ́rìí pé ó bá a?"

Ìyá Fáìlì kọ ohun tí bàbá náà sọ sórí bébà, gbogbo rẹ̀, lílù tábìlì àti ìhàlẹ̀. Bàbá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tún ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun gbè sẹ́yìn àwọn èèyàn ìyá òun lọ́jọ́ náà, ó sì ń dun òun.

Bó bá gbé bébà yìí lọ bá ọ̀gá, ìhàlẹ̀ yẹn nìkan ni mínísítà máa kà. Ó ku ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí mínísítà ò lè pa á lẹ́nu mọ́: agbẹnusọ ẹgbẹ́ Òòlù, obìnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Ahọ́n-Iná. Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Fáìlì fi wákàtí mẹ́rin jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.

Ahọ́n-Iná ka ojú ewé kẹrin, ó fò sókè bí ọmọdé. "A ti rí wọn mú! Ìyá mi, Ọlọ́run ló rán yín! Ogún ọdún ni wọ́n ti fi wáyà yẹn jẹun." Ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé karùn-ún. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀.

"Olórí wa àtijọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ yìí."

"Òun ni, Mà."

"Olóògbé ni. Kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́." Ó fi ìka gbá etí tábìlì. "Akọ̀wé wọn ló sọ fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ ló kọ ọ́. Gbọ́yìí-sọ̀yìí lásán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ewé yìí sílẹ̀."

"Ẹni kan náà ló kọ méjèèjì, Mà. Ẹ ò lè gba ojú ewé kan gbọ́ kẹ́ ẹ ní ìkejì ò dára. Bó bá jẹ́ ìdajì lẹ mú lọ, wọ́n á mọ̀, wọ́n á dà á nù látòkèdélẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ní ẹgbẹ́ méjèèjì ló jọ dá a, ẹ ní ká má tún un dá. Ọmọ mi ń lọ lọ́la."

"Ẹ lọ sinmi, ìyá mi. Ẹ ti ṣe tiyín."

Kò gba bébà tí ògbufọ̀ tọwọ́ bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ yẹn máa ba ẹjọ́ jẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Fáìlì fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lórí láàárọ̀, ó ní kó dúró de òun ní bárékè, pé òun á débẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra lágogo mẹ́ta. Ó wá lọ jókòó sókè níbi tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó sí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó di ìwé àkọsílẹ̀ náà mọ́ àyà.

Mínísítà ka wáyà. Àwọn Oníkọ́kọ́rọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ka ìwé ìròyìn òdìkejì odò tẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn fúnra wọn!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ahọ́n-Iná dìde, ó ka ojú ewé kẹrin, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Àwọn Olóòlù lu tábìlì. Ariwo ta. Ìyá Fáìlì rí i tí mínísítà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì bà á kó tó mọ ìdí rẹ̀. Mínísítà yọ fọ́tò kan jáde.

"Bébà tí àwọn olùtọ́jú ìwé wa fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé yẹn rèé, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí òṣèlú kankan níbẹ̀: 'Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe olóòótọ́ sí orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ má gbára lé e.'"

Ìyá Fáìlì ò mọ ìgbà tó dìde.

"Èmi ni mo kọ ọ́! Mi ò kà á kí n tó kọ ọ́! Ẹ jẹ́ kí n ka ojú ewé karùn-ún!"

Gbogbo ojú yí sókè. Ó ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ ń já. Nígbà tó dárúkọ olórí ẹgbẹ́ Òòlù, àwọn Olóòlù tó ti ń juwọ́ sí i pé kó máa bá a lọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí pẹ̀lú àwọn Oníkọ́kọ́rọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá a mú lápá.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n tì í mọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: "Ta ló rán ẹ? Kọ́kọ́rọ́ ni àbí Òòlù?"

"Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi," ó ń sọ. "Agogo mẹ́ta ni ọkọ̀ wọn máa gbéra. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹgbẹ́ wo lò ń ṣe?"

Wọ́n gba ìwé ògbufọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo márùn-ún kọjá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó sáré dé bárékè, àmọ́ epo ọkọ̀ tó kán sílẹ̀ àti ipa táyà nìkan ló bá. Sójà ẹnu ọ̀nà ní ọmọbìnrin kan dúró síbi géètì pẹ́ gan-an, ó ń wo títì, títí wọ́n fi fi ipá gbé e sókè ọkọ̀.

Àwọn aṣòfin ti dìbò pé kò sí ìpàdé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìbọn dún.

Wọ́n dá Ìyá Fáìlì dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aládùúgbò tó ń ṣe Kọ́kọ́rọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn tó ń ṣe Òòlù ní wọ́n ti fi oúnjẹ rà á. Kò ráyè fèsì. Ní gbogbo àárọ̀, ó máa ń lọ dúró níwájú ọsibítù àwọn sójà, níbi tí wọ́n ti ń lẹ orúkọ àwọn tó kú mọ́ ògiri. Àwọn ìyá mìíràn á wá orúkọ ọmọ wọn, bí wọn ò bá rí i, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ sílé. Ìyá Fáìlì ò rí orúkọ ọmọ rẹ̀, kò sì lè dúpẹ́. Ó ti pẹ́ nídìí ìwé. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ló jókòó tó tẹ ìwé yẹn, pé ẹnì kan sọ fún ẹni yẹn iye tí ìlú lè gbà mọ́ra lọ́jọ́ kan. Rédíò ní à ń ṣẹ́gun. Ìwé ara ògiri ní èèyàn mẹ́ta ló kú lánàá. Ó fojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ta tapólì bò tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di aṣọ méjì, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sápá ibi tí odò wà. Ọjọ́ méjì ló gbà á. Níbi tí ọkọ̀ parí sí, ó fẹsẹ̀ rìn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n sọ di ọsibítù. Wọ́n ti kó àwọn bẹ́ǹṣì jáde síta, igbe sì ń gba ojú fèrèsé jáde. Ó sọ fún sójà tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé òun kàn fẹ́ fi ojú kan ọmọ òun ni. Sójà wò ó, bóyá ó rántí ìyá tirẹ̀, ó wọlé.

Ó pẹ́ kí ó tó jáde. Ìyá Fáìlì ti ń rò ó pé wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa túfọ̀ fún òun. Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ bo épúrọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Mọ́mì?"

Ìyá rẹ̀ dì í mú. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, èjìká rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì, bí ìgbà téèyàn ń yẹ ọmọ tuntun wò.

"Mo fẹ́ débẹ̀," ó ń sọ. "Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ débẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Wọ́n tì mí mọ́lé."

"Mo mọ̀. Gbogbo wa gbọ́ ọ lórí rédíò nínú ọkọ̀. Wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ìyá mi nìyẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Mọ́mì, mi ò lè dúró. Àwọn mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, mẹ́rin nínú wọn wá láti òdìkejì odò. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn yẹn ni pé àwa la ní a ò fẹ́ ọ̀rọ̀."

"Òtítọ́ ni."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ tún fà á mọ́ra. Ó kàn dì í mú títí ẹnì kan fi pariwo pe nọ́ọ̀sì láti inú ilé, tí ọmọ náà já ara rẹ̀ gbà, tó sáré padà.

Wọn ò jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níta títí oòrùn fi ń rọlẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ohùn yòókù. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gba ọ̀nà ibi tó ti lè rí ọkọ̀.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n tún fi jà kí agara tó dá ìjọba méjèèjì, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n sì tọwọ́ bọ irú ìwé tí wọn ì bá ti tọwọ́ bọ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ògbufọ̀ ò rí i, ó ti kú kó tó dìgbà náà. Ọmọ Ìyá Fáìlì padà wálé láìsí ìka méjì lọ́wọ́ òsì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó máa ń bu omi gbígbóná fún un, á jókòó tì í, á máa bá a fọ ọwọ́ náà.